Àbúrò Mi, Má Jẹ́ Kí Orúkọ Orin Yan Orin fún Ọ

Àbúrò mi, kí o tó san owó àsansílẹ̀ fún olórin kankan nítorí ìsìnkú bàbá ọkọ rẹ, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, mo sì mọ ohun tí wọ́n kọ sí i: jùjú, gospel, háíláìfù, tùngbá, fújì, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, lábẹ́ àwòrán ọkùnrin kan tó wọ agbádá. Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọ̀pọ̀ olórin wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kí àwọn oníjó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ márùn-ún tó wà lórí ìwé kò tíì sọ ohun tí etí àwọn àlejò rẹ máa gbọ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwọ lo sì máa san owó rẹ̀.

Ní Ayétòrò tí o wà yìí, létí òkun, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti àwọn tó wà lókè ilẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ olórin tó bá ń ti Igbókọ̀dà bọ̀, inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa kó sípíkà, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sí. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ tí o wá rí i pé kíbọ́ọ̀dù kan àti gìtá kan ni wọ́n gbé wá, nígbà tí àwọn àgbà ń retí ìlù, ta lo máa rán padà lọ sórí omi lọ́jọ́ náà? Nítorí náà, má bi wọ́n pé irú orin wo ni wọ́n ń kọ kí o sì dúró níbẹ̀. Bi wọ́n pé ìlù wo ni wọ́n máa gbé wá, èèyàn mélòó ló ń bọ̀, ta ló máa lé orin nígbà tí àwọn ìyá ìjọ bá jáde, ṣé wọ́n mọ orin tí ìjọ yín máa ń kọ níbi òkú àgbà. Ní kí wọ́n fi fídíò òde kan tí wọ́n ti ṣeré ránṣẹ́, kó gùn, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé ibi tó dùn jù nínú rẹ̀. Àdéhùn tí ẹ bá sì ṣe, jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú iye ìlù àti iye èèyàn.

Mi ò ní kí o kó orúkọ orin dànù o. Orúkọ ń gbani lọ́wọ́ wàhálà. Bí ẹnì kan bá sọ pé sákárà ni òun fẹ́, o ti mọ̀ pé gòjé máa wà níbẹ̀, àti pé orin náà kò ní sáré. Bó bá ní wákà, ohùn obìnrin ni wàá retí, irú èyí tó sọ Bàtílì Àlàkẹ́ àti Sàláwà Àbẹ̀ní di ẹni ńlá. Jùjú kò lè ṣe kó má ní gìtá. Fújì ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀, ìlù àti ẹnu lásán ni. Láàárín gbólóhùn kan, ìwọ àti olórin ti gbọ́ ara yín yé, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ń sọ pé orin kò lórúkọ, pé orin ṣáà ni orin, kò tíì gbé olórin rí.

Ibi tí orúkọ ti ń ṣini lọ́nà ni ìgbà tí a bá rò pé ó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Àpàlà ni Haruna Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó kọ títí ó fi kú ní 1983. Àpàlà náà ni Àyìnlá Ọmọwúrà ti Abẹ́òkúta kọ títí wọ́n fi pa á ní 1980. Gbọ́ àwọn méjèèjì tẹ̀lé ara wọn. Haruna a máa rọra fa ọ̀rọ̀ jáde, á jẹ́ kí àgídìgbò sọ tirẹ̀ kí òun tó dáhùn. Ti Àyìnlá gbóná, ìlù rẹ̀ ń lé ara wọn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹni tó fẹ́ kí àwọn àgbà jókòó kí wọ́n máa mi orí, tó wá lọ gbé ẹni tó ń ṣe bí Àyìnlá wá, ó gba àpàlà tó béèrè, kò gba ohun tó fẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí o dárúkọ irú orin náà, kí o sì tún dárúkọ olórin tí o fẹ́ kó fara jọ.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí o máa ṣe ni kí o máa béèrè ẹni tó sọ orin lórúkọ, àti ohun tó fẹ́ fi orúkọ náà ṣe. Síkírù Àyìndé Barrister, inú wéré ló ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sààrì nígbà Ramadan. Nígbà tí orin náà dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pè é ní fújì. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú ló fi orúkọ náà sí òun lọ́kàn. Ebenezer Obey pe ti tirẹ̀ ní mílíkì, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé mọ̀ pé jùjú ni. Orlando Owoh wa, ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kó jùjú àti háíláìfù pọ̀, ó pè é ní Kennery, kò sì sí ẹlòmíràn tó kọ ọ́ bíi tirẹ̀ títí ó fi kú ní 2008. Irú orúkọ báyìí, olórin ló fi ń sọ pé ẹ wá wo ohun tí mo mú wá. Ó dára, ó yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú pé o kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúkọ mẹ́wàá. Nígbà mìíràn, èèyàn kan ló wà nídìí orúkọ kan.

Orúkọ tí oníṣòwò bá sọ orin, ìyẹn lo ní láti ṣọ́ra fún. Ní oṣù kẹfà ọdún 1987, àwọn tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kó ara wọn jọ sí ilé ọtí kan ní London tí wọ́n ń pè ní Empress of Russia. Rẹ́kọ́ọ̀dù ń wọlé láti Áfíríkà àti ilẹ̀ mìíràn, àwọn ṣọ́ọ̀bù kò sì mọ ibi tí wọ́n máa tò ó sí. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n kọ World Music sí orí pẹpẹ náà. Ó ṣiṣẹ́: ẹni tó ń wá orin Áfíríkà mọ ibi tó máa lọ tààrà. Àmọ́ orí pẹpẹ kan náà ni jùjú King Sunny Adé àti orin àwọn obìnrin Bulgaria jọ wà, bí ẹni pé wọ́n ti pàdé rí. Kó tó di ìgbà náà, nígbà tí àwọn Grammy yan Synchro System ti Sunny Adé láti bá àwọn mìíràn díje ní 1984, ẹ̀ka orin ìbílẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ọkùnrin tí gìtá oníná tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn olówó Èkó ń ná owó lé lórí. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọn ò kàn ní àyè mìíràn tí wọ́n máa fi í sí ni. Ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti burú jù: títí di 1949, orúkọ tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà àti àwọ̀ ara ni ìwé ìròyìn Billboard fi ń kó orin àwọn èèyàn dúdú jọ, kó tó di pé Jerry Wexler tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dá rhythm and blues lábàá. Àwọ̀ ara olórin ni wọ́n fi ń pín orin, kì í ṣe ìró rẹ̀.

Àwọn baba wa náà pín orin, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n máa ń wo ẹni tó ń kọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ẹkún ìyàwó, ọjọ́ tí ọmọbìnrin ń lọ ilé ọkọ. Ìjálá, àwọn ọlọ́dẹ àti ẹlẹ́gbẹ́ Ògún. Ìyẹ̀rẹ̀, àwọn babaláwo. Ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀: Ẹ̀gbá ní ẹ̀gẹ̀, Ìjẹ̀ṣà ní òlelé, Oǹdó ní obitun, àwa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ní bírípo. Ìpín yìí ràn wá lọ́wọ́ gidi, torí bí o bá ti gbọ́ orúkọ, o mọ aṣọ tó yẹ kí o wọ̀ àti ohun tó yẹ kí o mú lọ́wọ́ dání. Síbẹ̀ òun náà ní ibi tó ti ń tán. Ògúndáre Fọ́nyánmu ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ìjálá kúrò nínú igbó, ó gbé e sínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ó fi sọ ọ̀rọ̀ ayé gbogbo, àwọn tí kò mú ìbọn rí sì jókòó tì í. Orin kì í dúró níbi tí a bá ní kó dúró sí.

Ó yẹ kí n wá bọ́ sí èyí tó ń fa ìjà nínú ilé. Ayétòrò kì í ṣe ìlú lásán, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ fi àdúrà tẹ̀dó sí etí òkun ní 1947 ni, tí gbogbo ará ìlú ti jọ ń ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n sì ń kó owó pọ̀ sójú kan nígbà náà. Inú irú ìlú bẹ́ẹ̀ lo ti di ìyàwó. Nítorí náà, bí ìyá ọkọ rẹ bá gbọ́ gìtá nínú fóònù rẹ, tí wọ́n sì sọ pé orin ayé ni, má ṣe dá wọn lóhùn pé wọn ò lajú. Ilé wọn ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Dín ohùn rẹ̀ kù, tàbí kí o fi nǹkan sétí. Nígbà tí inú wọn bá dùn, kí o wá rọra sọ ìtàn fún wọn.

Sọ ti I. K. Dairo fún wọn, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963 nítorí jùjú. Ohùn orin Aládùúrà wà nínú orin rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì di òjíṣẹ́ nínú ìjọ Aládùúrà. Sọ ti Ebenezer Obey, tí àdúrà àti orúkọ Olúwa kún inú rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kó tó di pé ó gbájú mọ́ iṣẹ́ ìhìnrere. Bí wọ́n bá ṣì ń gbọ́, sọ ti Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti fún wọn, àlùfáà Áńgílíkà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tó rí i pé orin àwọn òyìnbó kò wọ àwọn èèyàn lára, tó wá fi ohùn orin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kọ orin ìsìn. Ní àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Zonophone ní London gba ohùn rẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fela. Nínú ìdílé kan ṣoṣo, orin ìsìn wà, Afrobeat wà, ohùn Yorùbá sì wà nínú méjèèjì. Àwọn ìlù tí ìjọ Kérúbù àti Séráfù ń lù láìbẹ̀rù lónìí, àwọn ìjọ míṣọ́nnárì kan ti lé irú wọn jáde rí, pé ti kèfèrí ni.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ sí ọ létí. Má gba gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ gospel sí lára ní orin ìsìn. Olórin tó bá pe Jésù lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá fi gbogbo ìyókù ki olówó àti ìyàwó olówó, ohun tó ń kọ ni oríkì fún owó. Oríkì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé orúkọ tó wà lára orin náà jẹ́ kí a gbé e wọlé láìwádìí, nígbà tí a ń lé orin kan tó ń kọ́ ọmọ ní òótọ́ jáde nítorí pé jùjú ni wọ́n pè é. Gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin kí o tó dá a lẹ́jọ́. Ìgbà tí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, bóyá o gbà á tàbí o kọ̀ ọ́, ìdájọ́ tìrẹ ni, kì í ṣe ti ẹni tó lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Ní ti ọmọ rẹ ọkùnrin tó ń gbọ́ Asake láti òwúrọ̀, má pè é ní ariwo. Jókòó tì í. Wàá gbọ́ ìlù amapiano tó ti South Africa wá, ṣùgbọ́n tẹ́tí sí bí Asake ṣe ń fa ohùn àti bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbè é. Fújì ni. Fi Barrister sí i lẹ́yìn náà kí ọmọ náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí nǹkan tó fẹ́ràn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbà ilé á rí nǹkan bá a sọ. Àwọn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì á kàn pe ohunkóhun tó bá ti jáde láti Nàìjíríà ní Afrobeats, wọ́n á sì máa gbé ohun tó jọ ọ́ wá fún un títí tí kò fi ní gbọ́ nǹkan mìíràn. Ìwọ ni ìyá rẹ̀, ìwọ lo lè gbé ohun tí kò jọ ọ́ wá.

Lórí fóònù tìrẹ pàápàá, ṣíwọ́ kíkó orin sí abẹ́ orúkọ bíi gospel tàbí jùjú nìkan. Kó wọn jọ nípa ohun tí o ń lò wọ́n fún: èyí tí o fi ń yan ẹja, èyí tí o fi ń gbàdúrà òwúrọ̀, èyí tó máa ń mú ọmọ sùn, èyí tí inú ọkọ rẹ máa ń dùn sí. Bírípo á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin ìjọ, Orlando Owoh á tẹ̀lé Yinka Ayéfẹ́lẹ́, kò sì sí ẹni tó máa ṣe ọ́ ní nǹkan. Nígbà tí o bá sì ń wá orin Ìlàjẹ lórí YouTube, má kọ orúkọ irú orin nìkan, torí ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wá. Kọ orúkọ olórin, kọ orúkọ ìlú, kọ orúkọ ayẹyẹ náà.

Èyí tó ká mi lára jù ni mo fi sẹ́yìn. Òkun ń jẹ Ayétòrò, kò sí ẹni tó nílò kí n sọ ọ́ fún un. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ìwé, ó ti gbé ibi tí àwọn èèyàn ti ń tajà. Nínú àwọn ilé tó lọ, kásẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, ìwé orin wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣí lọ sí Igbókọ̀dà àti Èkó kó ohun tí ọwọ́ wọ́n bá. Orin tó wà lórí àwọn ìyá wa nìkan ni omi kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ìyá náà sì ń dàgbà.

Gba ohùn wọn sílẹ̀. Tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kí o tó tẹ bọ́tìnnì, kí o sì sọ fún wọn ẹni tó máa gbọ́ ọ. Wọ inú yàrá tí atẹ́gùn òkun kò ti ní pariwo, gbé fóònù sórí tábìlì nítòsí ẹnu wọn, má fi ọwọ́ mú un. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ orúkọ wọn, orúkọ ìyá wọn, àti ẹni tó kọ́ wọn ní orin náà. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán kí o tó béèrè ohunkóhun. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ohùn Ìlàjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, má ṣe sọ ọ́ di Yorùbá inú ìwé.

Nígbà tí o bá wá fẹ́ sọ fáìlì náà lórúkọ, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀ ti wúlò. Má kọ «orin ìbílẹ̀ 1» kí o sì lọ sùn. Ní ogún ọdún sí i, kò sí ọmọ tó máa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kọ ẹni tó kọ ọ́, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí o gbà á, àti ìdí orin: ṣé orin ìwọ́de ìjọ ni, ṣé orin tí wọ́n fi ń tu ọmọ nínú ni, ṣé èyí tí àwọn obìnrin fi ń ṣeré ìyàwó ni. Bí ìyá bá pè é ní orúkọ kan tí ìwọ kò gbọ́ rí, orúkọ tí wọ́n pè é ni kí o kọ. Bó bá jẹ́ orin tó ní ìdí méjì, kọ méjèèjì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè wá fi í sí abẹ́ irú orin tó bá wù ú, ìwọ ti fún un ní ohun tó máa fi ṣe é.

Fi ọ̀kan pamọ́ sínú fóònù, fi ọ̀kan sínú mẹ́mọ́rì káàdì tí o máa fi sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan ní Igbókọ̀dà, kí o fi ìkẹta ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ ní Èkó kó gbé e sórí Google Drive. Ọ̀rọ̀ olórin ìsìnkú lè dúró di ọ̀la. Gbígba ohùn ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní.